Ta Ni Yóò Ṣe Oníbodè?

Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ọkọ̀ afẹ́ tí wọ́n ń pè ní Oasis of the Seas, èyí tí àwọn akànkọ̀ ìlú Turku ní ilẹ̀ Finland kàn parí ní ọdún 2009, tí ó sì gúnlẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ sí ìlú Falmouth ní etí òkun ìhà àríwá Jàmáíkà ní oṣù kẹta ọdún 2011, gùn ju 360 mítà lọ, ó ga sókè láti ojú omi ju ilé alájà ogún lọ, èrò tí ó sì lè kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lé ní 6,000, láìka àwọn òṣìṣẹ́ bí 2,000 tí ń gbọ́únjẹ, tí ń fọ aṣọ, tí ń lu ìlù, tí ń nu ilẹ̀ nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Falmouth fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ kò ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan lọ, kò ní tó 10,000 ènìyàn. Ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ìlú kan ni ó wá kí ìlú mìíràn, àlejò sì ga ju onílé lọ.

Irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa òní dá lé lórí, nítorí pé káàkiri àwọn erékùṣù òkun Kàríbéánì, orin kan náà ni àwọn ìjọba ń kọ láti ọjọ́ yìí wá: kí a gbẹ́ ilẹ̀ òkun kí omi lè jìn, kí a na èbúté wọ inú òkun kí ọkọ̀ lè fara tì í, kí a la àyè sílẹ̀ níbi tí ọkọ̀ yóò ti yí ara padà, kí àwọn ọkọ̀ ràbàtà wọ̀nyí má baà kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Antigua ti fi ibi ìgúnlẹ̀ karùn-ún kún tirẹ̀ ní St. John's. Ní Nassau, olú ìlú Bàhámà, ìjọba fi èbúté lé ẹgbẹ́ oníṣòwò kan tí Global Ports Holding ṣáájú rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún 2019, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n sì ṣí èyí tí wọ́n tún kọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Kò sí àríyànjiyàn nípa ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ rì wọ omi ní mítà mẹ́sàn-án kò lè wọ èbúté tí omi rẹ̀ jìn ní mítà mẹ́jọ, bí gómìnà tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ tí ó bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́ lẹ́nu wa ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Wọ́n ń béèrè pé báwo ni omi yóò ti jìn tó, èrò mélòó ni yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún. Àwa ń béèrè pé, nígbà tí èrò bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ta ni yóò dúró ní ẹnubodè? Ní ayé àwọn baba wa, ìlú tí ó bá ní odi ní ẹnubodè, ẹnubodè kò sì sí láìní oníbodè, ẹni tí ọba tàbí ìjòyè fi síbẹ̀ láti máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn alájàpá àti àwọn oníṣòwò tí ń ti ọ̀nà jíjìn kó ẹrù bọ̀. Oníbodè lè jẹ́ ọ̀kánjúwà ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ojú àánú rẹ̀ là. Bí ó ti wù kí ó rí, ti ìlú ni ó ń ṣe, ọ̀dọ̀ ìlú ni owó ń wọ̀. A kò tíì gbọ́ ìlú tí ó fi olórí àwọn oníṣòwò ṣe oníbodè ara rẹ̀, tí ó wá jókòó sínú ilé tí ó ń retí pé kí ọlá yalé. Ìyẹn gan-an ni a rí ní Falmouth, òun ni a sì fẹ́ kí àwọn erékùṣù yòókù wò kí wọ́n tó wa ilẹ̀ òkun tiwọn.

Falmouth kì í ṣe ìlú àná. Ọdún 1769 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, tí wọ́n fi orúkọ ìlú tí wọ́n ti bí Gómìnà Sir William Trelawny ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Orúkọ gómìnà náà gan-an ni gbogbo àgbègbè tí ó yí i ká ń jẹ́. Ṣúgà ni ó kọ́ ọ, òógùn àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrú tí ń gé ìrèké nínú oko àwọn òyìnbó Trelawny ni ó sì pèsè ṣúgà. Nígbà tí ìlú náà gbayì jù lọ, ọgbọ̀n ọkọ̀ lè wà ní èbúté rẹ̀ ní ọjọ́ kan, tí wọ́n ń kó àgbá ṣúgà àti ọtí ìrèké lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1799 omi ẹ̀rọ ti ń ṣàn dé gbàgede àárín ìlú, tí wọ́n ń pè ní Water Square títí di òní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó tóbi jù ú lọ ṣì ń fi agbè pọnmi. Ibẹ̀ náà ni ìjọ Onítẹ̀bọmi tí William Knibb ṣe olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀ wà, àwọn tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti ìdè ọrùn onírin sínú pósí ní òru tí òmìnira pátápátá bọ́ sí, tí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1838 fi mọ́, tí wọ́n sì sin ín sínú ilẹ̀ bí ẹni sin òkú.

Ẹ̀jẹ̀ wa kò ṣàìsí nínú ìtàn erékùṣù yìí. Ní Hanover àti Westmoreland, ní ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀, àwọn kan wà tí a mọ̀ sí Nágò, tí wọ́n ń jó ijó ettu láti fi júbà àwọn baba ńlá wọn. Ìletò kan ní Westmoreland sì ń jẹ́ Abeokuta di òní olónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wọn dé lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun ayaba gbà wọ́n kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí oko ìrèké gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ni ti ìwé ìròyìn Yorùbá nínú ọ̀ràn èbúté Jàmáíkà.

Lẹ́yìn òmìnira, ṣúgà wó lulẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun di ọkọ̀ oníná, ọkọ̀ oníná ń tóbi sí i, omi Falmouth kò sì gbà wọ́n mọ́; nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Montego Bay ní ọdún 1894, kò ya ibẹ̀. Àwọn ilé ẹlẹ́wà tí àwọn olówó ṣúgà kọ́ ń bó, pákó wọn ń jẹrà, koríko ń hù ní iwájú ilé ẹjọ́, fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Ọkọ̀ ńlá ni ó pa Falmouth. Ọkọ̀ ńlá kan náà ni wọ́n sì wá ní yóò jí i.

Àjọ Èbúté Jàmáíkà àti ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ afẹ́ Royal Caribbean ni wọ́n jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Owó tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là Amẹ́ríkà ni ó wọlé sí i. Wọ́n gé ojú ọ̀nà gba àárín àwọn òkìtì iyùn tí ó yí ẹnu èbúté ká, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ òkun, wọ́n fi ohun tí wọ́n gbẹ́ kún etí omi títí ó fi di ilẹ̀ tuntun, wọ́n sì na ibi ìgúnlẹ̀ méjì jáde lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹni fún un: kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, wọ́n rán àwọn òmùwẹ̀ sínú omi, wọ́n sì ṣí iyùn àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí mìíràn tí ó lé ní 100,000 kúrò níbi tí wọ́n wà lọ sí ibòmíràn. Ó pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàṣe ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n iyùn kì í ṣe òkúta bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ẹran kéékèèké ni wọ́n, tí ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún mọ ilé kan ṣoṣo, tí oúnjẹ wọn sì ń ti ara ewédò tí ń gbé inú wọn wá, ewédò tí kò lè ṣe nǹkan kan láìsí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí ẹ̀rọ bá ru ẹrẹ̀ sókè, tí ẹrẹ̀ náà sì rọra ń bọ́ lé wọn lórí, òkùnkùn àti èémí-àìtó a pa wọ́n pọ̀.

Ní ìta Falmouth, níbi tí odò Martha Brae ti pàdé òkun, ọ̀sà kan wà tí omi rẹ̀ ń tàn lóru. Bí ènìyàn bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí òṣùpá kò yọ, ìmọ́lẹ̀ aró a yọ ní gbogbo ibi tí ìka rẹ̀ bá gbà, ẹja tí ó bá sì sáré nísàlẹ̀ a fi ipa iná sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ẹ̀dá wíwíní tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, níbi tí omi dídùn ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi iyọ̀, ìwọ̀n méjèèjì kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn tí ó mọ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ òkun. Ìwalẹ̀ náà kò pa iná ọ̀sà, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Ṣùgbọ́n a kì í fi ohun tí ènìyàn kò lè dá padà ta tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ẹnubodè. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, kò tíì dé Falmouth. Àgbàlá ńlá kan ni yóò kọ́kọ́ bá, tí wọ́n fi bíríkì tẹ́, tí wọ́n kọ́ ilé sí lọ́tùn-ún lósì ní àwòrán àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà nínú ìlú gan-an, pẹ̀lú fèrèsé onípákó àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó, àfi pé ọ̀dà ara tiwọn kò bó. Dáyámọ́ńdì ni wọ́n ń tà nínú èyí, aago ọwọ́ nínú èyíinì, ọtí ìrèké àti ẹ̀wù tí a kọ orúkọ erékùṣù sí láyà nínú ìkẹta. Ẹni tí ó ti dé èbúté mìíràn lójú òkun yẹn yóò mọ orúkọ díẹ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlànà ààbò èbúté kò sì jẹ́ kí ọmọ ìlú tí kò ní ìwé àṣẹ wọ inú àgbàlá náà nígbà tí ọkọ̀ bá wà. Àwọn bọ́ọ̀sì aláfẹ́fẹ́ tútù ti tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná wọn ń jó, wọn yóò sì kó àwọn tí ó ti sanwó ìrìn-àjò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ lọ sí ìtàkìtì omi Dunn's River lẹ́bàá Ocho Rios, tàbí sí Montego Bay. Wọn a la ìlú kọjá, gíláàsì fèrèsé wọn ní títì. Lẹ́yìn odi ni àwọn awakọ̀ takisí dúró sí nínú oòrùn, tí wọ́n ń ké sí ẹni tí kò gbọ́. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ń ta ère pákó àti fìlà koríko jókòó sí, pẹ̀lú èéfín adìẹ sísun tí ń fẹ́ gba orí ate wọn. Falmouth ní ọjà kan ní ọjọ́rú-ọjọ́rú, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ká Jàmáíkà tipẹ́, tí wọ́n ń tẹ́ ọjà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí olùrajà fi gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Ẹni tí ó bá ti ra òkìrìkà ní Èkó kò nílò àlàyé. Arìnrìn-àjò lè wá, kí ó sì lọ, láìmọ̀ pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà.

Owó ńkọ́? Ọ̀nà tí ó gbà kò lọ́ rárá. Oúnjẹ ọ̀sán wà nínú ọkọ̀, èrò sì ti san owó rẹ̀ kí ó tó kúrò ní Miami, kò sí ẹni tí ń ra oúnjẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ta ìrìn-àjò orí ilẹ̀, ọlọ́kọ̀ a yọ ti ara rẹ̀, ìpín tí kò kéré, kí ó tó fi ìyókù fún ọmọ ìlú tí ó ni bọ́ọ̀sì tàbí tí ó ni ọkọ̀ ọparun lórí Martha Brae. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń yìn fún èrò láti inú ọkọ̀ ń sanwó kí wọ́n tó lè yìn wọ́n. Aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fèrè ti dún, ọkọ̀ ti ń múra àtilọ. Kò sí ẹni tí yóò sùn sí Falmouth, kò sí ẹni tí yóò jẹ oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀. Àti pé, bí ẹnikẹ́ni bá rò pé owó orí ọjà yóò kúkú bọ́ sí àpò ìlú kan, kí ó mọ̀ pé Royal Caribbean ní ọ́fíìsì ní Miami, pé ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ wà ní Liberia ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, àti pé àsíá Bàhámà ni ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní ìdí ọkọ̀. Bí òwe bí òwe là ń lù ìlù ògìdìgbó.

A kò sọ pé olè ni ọlọ́kọ̀. Oníṣòwò ni, èrè ni ó bá wá, ẹni tí ó bá sì bínú sí i nítorí pé ó ń wá èrè lè bínú sí ológbò nítorí pé ó ń wá eku. A kò sì fi ìjọba Jàmáíkà ṣẹ̀sín. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìlú tí ó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún wo ilé tí ń wó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ fọ àwo ní Montego Bay, kò lè di etí sí ẹni tí ó wá sọ pé òun yóò mú 6,000 olùrajà wá ní ọjọ́ kan. Àwọn kan rí iṣẹ́, wọ́n di ẹ̀ṣọ́, awakọ̀, afinimọ̀nà, òǹtajà nínú àgbàlá. Àwọn ilé àtijọ́ díẹ̀ rí ọ̀dà. A kò kà wọ́n sí òfo. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú tí ó fi ilẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀, iyùn rẹ̀ àti owó ìjọba rẹ̀ sí i kò yẹ kí ó máa dúpẹ́ fún èérún tí ó já bọ́ ní ìsàlẹ̀ tábìlì, àti pé àdéhùn ni ó gbé ẹnubodè lé àlejò lọ́wọ́, kì í ṣe òkun.

Bí a bá fi Falmouth sílẹ̀ tí a wo ìwọ̀ oòrùn àríwá díẹ̀, a ó bá àwọn ará Cayman, tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ọ̀ràn yìí láti ìhà kejì. Ní George Town, ní Grand Cayman, kò sí ibi tí ọkọ̀ afẹ́ lè fara tì. Ọkọ̀ a dúró lójú omi níta, àwọn ọkọ̀ kéékèèké a sì máa kó èrò lọ sí etí òkun, wọn a tún máa kó wọn padà títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú. Bí ìjì bá ń jà, ọkọ̀ a kọjá lọ láìdúró. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà, àwọn erékùṣù Cayman, tí ìkànìyàn ọdún 2021 kà ní nǹkan bí 71,000 ènìyàn lápapọ̀, gba àlejò bí 1.8 mílíọ̀nù láti inú ọkọ̀ ní ọdún 2019. Àwọn ọlọ́kọ̀ ràbàtà ní kò tó. Wọ́n ní àwọn kò lè máa fi ọkọ̀ kékeré kó 6,000 ènìyàn, àfi kí wọ́n kọ́ èbúté. Ní oṣù keje ọdún 2019 ìjọba yan àwọn tí yóò ṣe é: àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ afẹ́ Carnival àti Royal Caribbean, pẹ̀lú àwọn agbàṣẹ́ṣe méjì, lábẹ́ orúkọ kan, Verdant Isle. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn oníṣòwò tí ń fẹ́ wọlé ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹnubodè.

Àwọn ará ìlú ní ó tó gẹ́ẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ Cayman ti ọdún 2009 ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ síwájú gbogbo ìlú kí wọ́n dìbò lé e lórí. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ilé dé ilé, ọjà dé ọjà, àwọn olùfẹ́ òkun, àwọn oníṣòwò kéékèèké, àwọn atukọ̀, wọ́n gba ìfọwọ́sí tí ó lé ní 5,000. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn iyùn Eden Rock àti Devil's Grotto tí ó wà ní ìwọ̀n ìlúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ sí etí ilẹ̀, nípa ọkọ̀ Balboa tí ìjì ọdún 1932 rì sí èbúté náà, tí ẹja ń gbé inú rẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n rántí ìjì Ivan ti ọdún 2004, nígbà tí òkun wọ inú yàrá ènìyàn, wọ́n sì mọ̀ pé iyùn ni ó ń fọ́ ẹnu ìgbì kí ó tó dé ilẹ̀. Ìjọba yan ọjọ́ ìdìbò sí oṣù kejìlá ọdún 2019. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ nítorí pé a kò ṣe òfin ìdìbò náà bí ó ti yẹ, ìdìbò dúró. Kí wọ́n tó yanjú rẹ̀, àrùn kòrónà dé, òkun dá, ètò náà sì kú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà ìdìbò gbogbogbòò, wọ́n bi àwọn ará ìlú léèrè nígbẹ̀yìn bóyá wọ́n fẹ́ èbúté ọkọ̀ afẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní rárá.

A kí wọn. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ṣùgbọ́n a kò ní tan ara wa jẹ: Cayman lè sọ pé rárá nítorí pé ó ní báńkì, owó àgbáyé wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn àlejò tí ń bá ọkọ̀ òfuurufú wá sì ń sùn sí hótẹ́ẹ̀lì etí òkun Seven Mile Beach. Falmouth kò ní ọ̀kan nínú wọn. Kò dára kí ẹni tí ó yó máa kọ́ ẹni tí ebi ń pa ní ìwà sùúrù, kò sì ní dára kí àwa tí a jókòó sí Ìbàdàn tàbí Èkó sọ fún olùtajà ní etí òkun Jàmáíkà pé kí ó lé ọkọ̀ padà. Ohun tí a fẹ́ kí Falmouth mú lọ́dọ̀ àwọn ará Cayman kì í ṣe rárá tí wọ́n sọ bí kò ṣe pé a bi wọ́n.

Ìdí kan tún wà tí kò fi yẹ kí ìjọba kankan sáré gbẹ́ òkun nítorí ẹnìkan. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń ní èbúté tara wọn. Láti ọdún 1986 ni Royal Caribbean ti yá etí òkun Labadee ní Haiti, tí ó mọ odi yí i ká. Ní Bàhámà, ó ní CocoCay, tí ó tún kọ́ ní ọdún 2019. Carnival ṣí Celebration Key ní Grand Bahama ní oṣù keje ọdún 2025. Níbẹ̀, ọlọ́kọ̀ ni ó ni omi, òun ni ó ni iyanrìn, òun ni ó ni ọtí, òun ni ó ni àga tí wọ́n ń nà gbalaja sí. Nígbà tí ó bá wù ú, yóò yọ Falmouth tàbí Nassau kúrò nínú ìrìn-àjò rẹ̀, yóò fi ti ara rẹ̀ rọ́pò. Gbèsè tí ìlú jẹ láti gbẹ́ òkun kò ní bá a lọ. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ owó orí èrò, ìyẹn iye tí ìjọba ń gbà lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, fi ń dùn wá jù. Ní nǹkan bí ọdún 1993 àwọn ìjọba CARICOM, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Kàríbéánì, fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kò sí erékùṣù tí yóò gbà kéré sí dọ́là mẹ́wàá. Àwọn ọlọ́kọ̀ fẹ́ ojú mọ́ wọn, wọ́n ní àwọn yóò kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá gbà kéré. Ẹ̀rù ba àwọn kan, wọ́n jáde, ìmọ̀ tí a fi ṣọ̀kan sì fọ́ yángá. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kíkéré ni ó ṣe wọ́n. Mexico, ilẹ̀ ńlá tí ó ní Cozumel, erékùṣù tí ọkọ̀ afẹ́ ń wọ́ tọ̀ lójoojúmọ́, ṣe òfin ní ìgbẹ̀yìn ọdún 2024 pé dọ́là méjìlélógójì ni èrò kọ̀ọ̀kan yóò máa san. Kí oṣù keje ọdún 2025 tó dé, ó ti bọ́ sí dọ́là márùn-ún, tí wọn yóò máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé sókè. Bí erin bá lè dúró gbọ́ àṣẹ báyìí, kí ni ẹtu yóò ṣe ní òun nìkan? Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọkọ̀ tí ó gùn ju 360 mítà lọ kò lè gúnlẹ̀ sójú omi lásán. Bí Jàmáíkà, Bàhámà, Antigua, St. Lucia àti àwọn yòókù bá di ọwọ́ ara wọn mú, ta ni ọlọ́kọ̀ fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún? Etí òkun tí ó mọ odi yí ká kò pọ̀ tó láti mú èrò ọdún kan dùn, ó sì dájú pé ẹni tí ó sanwó láti rí Kàríbéánì kò sanwó láti rí odi.

Nítorí náà, èrò olóòtú yìí ni pé kí ìjọba tí ó bá tún fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ òkun rẹ̀ kọ́kọ́ gbé ìwé àdéhùn jáde kí àwọn ará ìlú kà á, ní èdè tí apẹja àti aláte lè gbọ́, kí wọ́n sì dìbò lé e. Kí a kọ ọ́ sínú rẹ̀, gbangba, ẹni tí yóò ni àgbàlá èbúté, iye ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ tí yóò jẹ́ ti ọmọ ìlú, àti wákàtí tí ọkọ̀ yóò fi dúró, nítorí pé ọkọ̀ tí ó bá sùn mọ́jú ń bọ́ ìlú ju ọkọ̀ méjì tí ó sá lọ ní ìrọ̀lẹ́. Kí owó tí ó ń ti orí èrò wọlé kọ́kọ́ kan ìlú tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí kí ó tó dé olú ìlú. Bí ọlọ́kọ̀ bá fẹ́ yọ èbúté náà sílẹ̀ kí gbèsè tó tán, kí ó mọ̀ pé gbèsè yóò tẹ̀lé e. Bí òun kò bá sì fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ dúró sí ibi tí ó wà.

Fún Falmouth, tí omi ti jìn tán, ohun kan wà tí kò ní gba ẹ̀rọ kankan. Àjọ Èbúté Jàmáíkà, ti ìjọba ni. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Kingston, kò sí ní Miami. Ó lè pàṣẹ pé kí a pín ìwé àṣẹ fún àwọn aláte àti àwọn awakọ̀ Trelawny kí wọ́n lè wọ àgbàlá ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà, ó sì lè pàṣẹ pé kí a gbé ọjà ọjọ́rú wá sí iwájú ẹnubodè náà gan-an, níbi tí ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ kò lè ṣe kí ó má rí i. Kí ó ṣe é kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ tó dé.